Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Àtijọ́ àti Fọ́tò Rẹ̀ Pínyà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ FIVA

Sí Ààrẹ àti gbogbo ìgbìmọ̀ àjọ àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́, tí a mọ̀ sí FIVA.

Ẹ̀yin àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò ní ọkọ̀ àtijọ́ kankan nílé, n kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan tí ó wà lábẹ́ yín, nítorí náà ẹ lè béèrè pé kí ni ó kàn mí nínú iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe láti 1966 tí a ti dá àjọ yín sílẹ̀ ní ìlú Paris. Ohun tí mo ní ni páálí bàtà kan tí ó kún fún fọ́tò ìrìn-àjò ìdílé wa, ó sì ṣòro láti rí ọ̀kan nínú wọn tí ọkọ̀ bàbá mi kò ti yọjú, yálà odindi rẹ̀ ni o, tàbí etí ilẹ̀kùn rẹ̀ lásán. Páálí yìí ni ó rán mi sí yín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí, orí tí ó sì ti ń wọ́ tipẹ́ ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò kan ṣoṣo. Aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n sì gé etí rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn. Ènìyàn mẹ́ta ni ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀. Ìyá mi dúró ti ọkọ̀ náà, ó gbé ọwọ́ kan lé òrùlé rẹ̀ bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sórí bọ́ḿpà ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín iwájú méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sì hàn kedere. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, di ẹsẹ̀ ìyá mi mú, ṣùgbọ́n kò wo kámẹ́rà rárá; wíìlì ọkọ̀ ni ó tẹjú mọ́. Ọ̀nà gígùn kan wà níwájú ọkọ̀ náà, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn lórí rẹ̀. Òjìji ẹni tí ó ya fọ́tò náà nà gbọọrọ lórí ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ ìyá mi, nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo oníkámẹ́rà láyé ìgbà yẹn ni pé kí ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn.

Volkswagen tí àwa ń pè ní ìjàpá ni ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò yìí, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ń wò. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ẹyin tí a dùbúlẹ̀, ẹ̀yin sì mọ̀ jù mí lọ pé oṣù kẹta 1953 ni irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ rọ́pò èyí tí irin pín sí méjì, àti pé ní 1957 ni èyí tí ó fẹ̀ jù ú lọ, tí ó ní igun mẹ́rin, gba ipò lọ́wọ́ òun náà. Ọdún mẹ́rin yẹn ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ wa. Ọjọ́ tí a ya fọ́tò náà ńkọ́? Eyín ẹ̀gbọ́n mi ni ó sọ ìyẹn, nítorí ìyá mi rántí dájú pé ìparí 1964 ni eyín méjèèjì bọ́, pé ọmọ náà sì kọ̀ láti jẹun fún odindi ọjọ́ kan nítorí ìtìjú. Ọkọ̀ jẹ́rìí sí ọjọ́ orí tirẹ̀, ìdílé jẹ́rìí sí ọjọ́ fọ́tò. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò, èkejì yóò di odi.

Ìjàpá yìí kò ní géèjì epo, nítorí ó di 1961 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi géèjì sínú irú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lójú ọ̀nà, bàbá mi yóò fi ṣóńṣó bàtà rẹ̀ yí irin kékeré kan tí ó wà nísàlẹ̀ níwájú, epo bíi lítà márùn-ún tí a fi pamọ́ nínú táǹkì yóò sì ṣàn wá, ẹ́ńjìnnì yóò mí kanlẹ̀, ìrìn-àjò yóò sì tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ó bá ti ra epo gbọ́dọ̀ rántí dá irin náà padà sí àyè rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé, epo ìpamọ́ ni yóò máa lò láìmọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá sì tún wúkọ́, kò sí ohun tí ó kù fún un láti yí. Bàbá mi gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò ọjọ́ náà wà nínú páálí mi: ìyá mi jókòó sórí àpótí ẹrù létí ọ̀nà, ó ká apá jọ, ojú rẹ̀ kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Mo máa ń ṣe kàyéfì irú ìgboyà tí ọkùnrin tí ó jẹ irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ fi yọ kámẹ́rà jáde lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, àlàfo kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹrù. Ibẹ̀ ni àyè tèmi láti ìgbà tí mo ti lè dá jókòó títí mo fi tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn mi gan-an, ó ń kùn, ó ń gbóná, oorun tí mo sì sùn níbẹ̀ n kò tún sun irú rẹ̀ mọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá ọmọ padà sí irú ibẹ̀ o. Láti 1959 ni Volvo ti gbé bẹ́líìtì ìjókòó olójú mẹ́ta tí Nils Bohlin ṣe jáde, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yòókù láti lò. Ohun tí ó dára jùlọ tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọdé nínú ọkọ̀ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ọkọ̀ tiwa títí a fi tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe gbé inú ọkọ̀ gan-an kí bẹ́líìtì tó dé, ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi polówó ọjà kò ní sọ fún un. Inú ìwé ìpolówó, ìyá, bàbá àti ọmọ méjì ni wọ́n máa ń jókòó bí ère, tí ẹrù wọn kò ju báàgì kan lọ. Inú fọ́tò tiwa, ọmọ wà níbi ẹrù, ẹrù wà lórí ìjókòó, ẹní tí a ká sì wà lórí káríà òrùlé pẹ̀lú okùn tí kò bára mu.

Ní 1974, bàbá mi ta ọkọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹni tí ó rà á gba kọ́kọ́rọ́ méjì, ó gba ìwé ọkọ̀, ó gba jáàkì, ó sì béèrè bóyá ìwé kékeré tí ilé-iṣẹ́ fi tọ́ awakọ̀ sọ́nà ṣì wà, wọ́n sì wá a jáde fún un. Kò béèrè fọ́tò. Kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó ronú pé ó yẹ kí ó gba ọ̀kan. Ó wa ọkọ̀ lọ, àwa wọlé, páálí fọ́tò sì wà lórí àká níbi tí ó máa ń wà. Bóyá ọkọ̀ náà ti di irin tí wọ́n yọ́, bóyá ó sì wà níbìkan lónìí, tí ẹni tí ó ni ín ń nu ún lójoojúmọ́, tí ó mọ gbogbo bóòtù inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ pé ọmọ kan ti sùn lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Òun ní ọkọ̀ tí kò ní ìgbà èwe. Èmi ní ìgbà èwe ọkọ̀ tí n kò lè fọwọ́ kàn. Ìpínyà yìí gan-an ni mo ń kọ̀wé lé lórí, nítorí mo gbà pé kò yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀, àti pé ẹ̀yin ni ẹ lè dín in kù.

Ọdún kan náà ni ìrìn-àjò ìdílé nínú ọkọ̀ àti kámẹ́rà tí ìdílé lè fi ya ara rẹ̀ láìkọ́ṣẹ́ dáyé. Ní oṣù kẹjọ 1888, Bertha Benz gbé kẹ̀kẹ́ oníẹ́ńjìnnì tí Karl baálé rẹ̀ ṣe, ó kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì, Eugen àti Richard, sínú rẹ̀ láìsọ fún baálé náà ṣáájú, wọ́n sì rin nǹkan bí kìlómítà 106 láti Mannheim lọ sí Pforzheim, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ilé olóògùn ní Wiesloch ni ó ti ra ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó; abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ ni ó fi tú ojú ihò epo tí ó dí. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Amẹ́ríkà, George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde fún àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ fọ́tò. Fíìmù tí ó tó ọgọ́rùn-ún àwòrán ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Bí ó bá tán, ẹni tí ó ni ín yóò dá odindi kámẹ́rà náà padà, wọn yóò fọ fọ́tò rẹ̀, wọn yóò sì fi fíìmù tuntun sí i. Obìnrin tí ó kó ọmọ rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè fi ya ọmọ tirẹ̀: àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ó ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ ìdílé láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Kámẹ́rà Brownie tí ó dé ní 1900 mú kí ọmọdé pàápàá lè ya fọ́tò. Ford Model T tí ó dé ní 1908 mú kí àgbẹ̀ lè ní ọkọ̀. Nígbà tí Kodak gbé Instamatic jáde ní 1963, tí fíìmù rẹ̀ wà nínú ike tí a kàn ń tì bọ kámẹ́rà, kò sí àwáwí mọ́ fún ẹni tí ó bá ní òun kò mọ fọ́tò yà.

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin tìkára yín kọ. Ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ ni èyí tí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, tí a ń tọ́jú bí ó ti yẹ ní ìbámu pẹ̀lú ìtàn rẹ̀, tí a kò lò fún ìrìn ojoojúmọ́, tí ó sì jẹ́ ara ogún ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àṣà wa. Ọ̀rọ̀ àṣà yẹn ni mo dì mú. Nínú Ìwé Àdéhùn Turin tí ìpàdé àpapọ̀ yín fọwọ́ sí ní 2012, ẹ kò dúró lórí ọkọ̀ nìkan. Ẹ sọ pé ilé-iṣẹ́, ilé epo, ojú ọ̀nà àti pápá ìdíje tí ó bá ọkọ̀ tan lè wà lára ohun tí ìwé náà ń dáàbò bò. Bí ilé epo tí ìyá mi ti ra omi bá lè jẹ́ ogún, báwo ni fọ́tò tí a yà níwájú ilé epo náà kò ṣe ní jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìwé kò sì kéré sí irin nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní 2011, UNESCO kọ ìwé ẹ̀tọ́ tí Karl Benz gbà lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní 1886 sínú àkọsílẹ̀ ìrántí gbogbo ayé. Ìwé lásán ni, kò ní táyà.

Mo mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ olówó ńlá kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ọgọ́rùn-ún péré rẹ̀, tí ó sáré ìdíje, àwọn oníròyìn ti ya á láti ọjọ́ tí ó ti jáde, ilé-iṣẹ́ sì mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á. Ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni kò ní òpìtàn. Model T tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 15 kí ó tó dáwọ́ dúró ní 1927. Ìjàpá tí ó borí iye yẹn ní oṣù kejì 1972, tí iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 21 kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní 2003. Mini ti 1959, Fiat 500 ti 1957, Citroën 2CV tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 tí kò sì dáwọ́ dúró títí di 1990. Ta ni yóò sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn bí kò bá ṣe ìdílé tí ó gbé inú rẹ̀? Inú páálí bàtà ni ìtàn wọn wà, páálí bàtà sì ni ohun tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń dà nù nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ ilé òbí wọn mọ́.

Ẹ tún máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ìpamọ́ sàn ju àtúnkùn lọ, pé kí a má ṣe fi ọ̀dà tuntun pa àmì ogbó tí ó wà lára ọkọ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, nítorí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n tí a kò bá mọ bí àkísà ṣe ya, báwo ni a ṣe máa mọ èyí tí ó yẹ kí a tọ́jú? Ibi kan wà lára ọkọ̀ wa, lókè wíìlì ẹ̀yìn, tí irin ti tẹ̀ wọnú díẹ̀. Oníṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tí ó bá rí i lónìí yóò fi òòlù nà án jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò sì rò pé òun ṣe rere. Èmi mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbá a, fọ́tò méjì sì wà tí ó fi hàn pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń lọ, tí ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ohun tí fọ́tò bá sọ ni mo gbà gbọ́. Ẹlẹ́rìí ni, a sì gbọ́dọ̀ bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn fíìmù kan láyé àtijọ́ kò rí àwọ̀ pupa rárá, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ pupa yóò jáde bí ẹni pé dúdú ni, ẹni tí ó bá sì fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mú ọ̀dà yóò ṣi ọ̀nà. Fọ́tò aláwọ̀ ti ìgbà 1960 sí 1980 ní ẹ̀tàn tirẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ lára wọn, àwọ̀ tí ó sún mọ́ búlúù ni ó kọ́kọ́ ń ṣá bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú òkùnkùn, gbogbo àwòrán yóò sì pọ́n bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń rìn ní gbogbo ìgbà. Fíìmù Kodachrome, tí wọ́n tà láti 1935 títí di 2009, máa ń pa àwọ̀ mọ́ dáadáa nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi iná hàn án sára ògiri lálaalẹ́, òun náà yóò ṣá. Mo tilẹ̀ ti rí fọ́tò kan nínú páálí wa tí sítíárì ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ òdì, tí ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí, kí n tó rí i pé nọ́ḿbà ọkọ̀ náà kọ ẹ̀yìn síwájú. Ẹni tí ó fọ fọ́tò ni ó yí fíìmù délẹ̀. Irú nǹkan báyìí ni àwọn onímọ̀ tí ó wà láàárín yín lè tú kí ìdílé tó máa sọ ọ̀rọ̀ náà kiri títí yóò fi di ìtàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi falẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù tí ojú ìwé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù tí a sì ń fi ọ̀rá bò, tí gbogbo ilé ń rà nígbà kan nítorí ó rọrùn láti lò, ń jẹ fọ́tò láti ẹ̀yìn, bí ó bá sì pẹ́, a kò ní lè ṣí wọn láìya. Ooru òrùlé, omi, oòrùn ojú fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀. Ju gbogbo wọn lọ, àwọn tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò ń kú. Ìyá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó tì í pẹ̀lú páálí yìí, mo máa ń mú pẹ́ńsùlù rírọ̀ dání, nítorí ìwé-kíkọ bírò máa ń tẹ ojú fọ́tò láti ẹ̀yìn, mo sì ń kọ ohun tí ó bá sọ, kódà nígbà tí ó bá ta ko ohun tí ó sọ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Ẹ ní ìwé ìdánimọ̀ tí ẹ ń fún ọkọ̀ lẹ́yìn tí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, tàbí tí ọkọ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, agbára ìwé náà ti tán. Àkókò tí ọkọ̀ ń bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn yẹn gan-an ni àkókò tí òun àti fọ́tò rẹ̀ ń pínyà, nítorí náà ibẹ̀ ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ti dá sí i. Ẹ fi ojú ìwé kan kún un fún ìgbésí ayé ọkọ̀ náà kí ó tó di àtijọ́: fọ́tò ìdílé tí ó kọ́kọ́ ni ín, tàbí èyíkéyìí tí a bá rí, iwájú àti ẹ̀yìn fọ́tò náà pẹ̀lú ohun tí a kọ síbẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó yọ̀ǹda rẹ̀. Kì í ṣe ojúlówó ni mo ní kí ìdílé kó sílẹ̀ o, ẹ̀dà tó. Bí àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ yín bá lè kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti bi ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ni pé, "Ǹjẹ́ ẹ ní fọ́tò rẹ̀?", mo gbà pé ìdá púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti parí.

Ibi tí ó ṣòro jù ni ti àwọn bíi tèmi, tí fọ́tò wà lọ́wọ́ wọn ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ti lọ tipẹ́. Inú páálí náà ni mo ti rí ìwé àtijọ́ kan tí nọ́ḿbà ṣaṣí ọkọ̀ wa wà lára rẹ̀. Kò sí ibì kan tí mo mọ̀ tí mo lè fi nọ́ḿbà náà sí, pẹ̀lú ẹ̀dà fọ́tò mẹ́rìnlélógún, kí ẹni tí ọkọ̀ náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá ṣì wà, lè wá wọn rí. Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ yín wà káàkiri orílẹ̀-èdè lè ṣe irú àká bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde láàárín yín láti béèrè nípa àṣírí àwọn ènìyàn, ó sì tọ́ kí ó béèrè. Ọmọ tí ó wà nínú fọ́tò lè má fẹ́ kí gbogbo ayé rí òun pẹ̀lú àlàfo eyín. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé fọ́tò ìdílé tí ó rà ní ọjà àlòkù síta bí ẹni pé kò ní olówó. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹni tí nọ́ḿbà ṣaṣí bá bá tirẹ̀ mu nìkan ni yóò rí àwòrán, lẹ́yìn tí ìdílé bá ti gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gbà. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ṣì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ náà, nítorí ibi tí òun fi kẹ̀kẹ́ gbá.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí lọ́dún yìí tí n kò fi kọ ọ́ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọmọ mi obìnrin rí nẹ́gátíìfù fọ́tò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú àpò ìwé kan nísàlẹ̀ páálí. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun púpọ̀ sì wà nínú rẹ̀ tí kò hàn lára fọ́tò kékeré tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ó fi skáánà gbé e wọnú kọ̀ǹpútà, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo nọ́ḿbà ọkọ̀, ó ń wo bàtà ìyá mi. Nígbà tí ó dé ibi wíìlì ẹ̀yìn, ó pè mí. Ìdérí wíìlì ìjàpá yọ bí ìdí ìkòkò, ó sì ń dán bí dígí. Nínú rẹ̀, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, ọkùnrin kan dúró lójú ọ̀nà, ó tẹ orí ba bí ẹni tí ń gbàdúrà, nítorí òkè ni a ti máa ń wo inú irú kámẹ́rà tí ó ní.

Bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú páálí náà, nítorí òun ni ó ń ya gbogbo rẹ̀. Ó ti kú ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Mo pe ìyá mi láti wá wò ó, ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan aṣọ ara rẹ̀ nínú àwòrán náà, níbi tí ó fẹ̀ díẹ̀ ní ikùn, ó ní, "Ìwọ rèé." A bí mi ní oṣù karùn-ún 1965. A kì í ṣe mẹ́ta nínú fọ́tò yìí mọ́, a pé márùn-ún, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì tẹjú mọ́ lára wíìlì láti ọdún yìí wá ni bàbá wa.

Bí ọkọ̀ náà bá wà níbìkan, ìdérí wíìlì rẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí ń nu ún mọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ọmọ ìkẹyìn ìdílé tí ó ni ìjàpá náà láti 1963 sí 1974